Ẹni Tí Yóò Bá Dúrójayé Jókòó

Láyé ìgbà tí Àkúrẹ́ ṣì jẹ́ olú-ìlú wa, bí wọ́n bá ránṣẹ́ pe bàbá ọmọ sí ilé-ìwé ní Erìjìyàn, ohun méjì péré ni ará àdúgbò máa ń rò: ọmọ náà jalè, tàbí ó ti fọ́ ọmọ ẹlòmíràn lórí. Kò sí ẹni tó jẹ́ rò pé wọ́n lè pe bàbá kan láti wá bi í léèrè ohun tó mọ̀ nípa ọmọ tirẹ̀. Dúrójayé náà kò rò ó. Nígbà tí Mísìs Felicia Akíntúndé wọ àgbàlá wọn lọ́jọ́ náà, tó ní òun ń wá bàbá Ayọ̀bọ́lá, kòkó ni ọkùnrin náà ń yí lórí ẹní níbi tó sá a sí. Ó sáré nu ọwọ́ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n má bínú, ohun yòówù kí ọmọ náà ti ṣe.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Tíṣà ni, ará Aràmọ̀kọ ni, ìjọba ló sì fún un níṣẹ́ pé kó máa lọ láti ìlú dé ìlú, kó máa wá àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò wọ̀ lórí, kó máa wádìí ohun tó fà á.

Ó ní, “Ẹ dìde, bàbá. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀. Ìpàdé kan ni a fẹ́ ṣe lórí ọmọ yín.”

Dúrójayé kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àgbẹ̀ ni. Mary ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ìgbà tí Ayọ̀bọ́lá wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, kò sì fẹ́ ẹlòmíràn. Òun àti ọmọ náà ni wọ́n jọ ń sùn, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n jọ ń lọ sóko ní Sátidé. Ìwé kejì ni ọmọ náà wà, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti tún un kà. Àwọn tíṣà ní olóríkunkun ni, wọ́n ní bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, ńṣe ni yóò máa wo ènìyàn bí ìgbà téèyàn ń wo àwòrán. Ará ilé náà ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Dúrójayé nìkan ló mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí.

Oko ló ti mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ka ìrókò gbígbẹ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kán lókè orí ọmọ náà. Dúrójayé kígbe, ó tún kígbe, ó lọgun débi pé ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Ọmọ náà kò tilẹ̀ yíjú. Ó ń ṣa kòkó tó já sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan tó rí nínú ewé. Ọlọ́run ló ní kí bàbá rẹ̀ dé ibẹ̀ kí igi tó balẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé àìsàn èéyi tó ṣe ọmọ náà kí ìyá rẹ̀ tó kú ti gba etí rẹ̀ lọ, pé ẹnu ènìyàn ló ń wò tó fi ń mọ díẹ̀díẹ̀ ohun tí wọ́n ń wí.

Ó sọ fún Mísìs Akíntúndé. Obìnrin náà mí kanlẹ̀.

Ó ní, “Ohun tí èmi náà fura sí nìyẹn. Ẹ wá wí i bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, bàbá. Àwọn tí yóò jókòó ní òdìkejì tábìlì yóò pọ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé yóò wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì yóò wà níbẹ̀, ọ̀gá kan yóò ti Àkúrẹ́ wá. Wọn yóò máa sọ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ara wọn. Bàbá tó bá dá nìkan jókòó síwájú wọn, ‘bẹ́ẹ̀ ni, sà’ ni yóò máa dáhùn ṣáá. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú mi. Ẹ má dá wá. Ẹ mú ẹni tí yóò bá yín jókòó wá.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ta ni ẹ̀yin ì bá mú? Ẹ̀gbọ́n ni Dúrójayé mú. Ajíbádé ni olórí ẹbí, òun ló bá a fẹ́ Mary, òun ló bá a sin ín. Ẹnu àgbà ni obì sì ti í gbó. Inú Dúrójayé dùn lọ́jọ́ náà tó rí i tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé agbádá wọ̀, tó dé fìlà, tó ní kí wọ́n ru iṣu dání, nítorí a kì í lọ bẹ ènìyàn lọ́wọ́ òfo. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní òun náà lẹ́ni.

Wọ́n wọlé, Ajíbádé kí gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan, ó kí ọ̀gá tó ti Àkúrẹ́ wá kú ìrìn, ó kí nọ́ọ̀sì kú iṣẹ́ ìgbàlà. Kí wọ́n tó bèèrè ohunkóhun, ó ti dìde dúró.

“Ẹ̀yin ọ̀gá wa, a gbọ́ ìpè, a sì wá. Ọmọ yẹn lóríkunkun, a mọ̀. Ẹ bá wa nà án dáadáa, a ò ní bínú. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe ti àìsàn ni ẹ pè wá fún, kò sí i nínú ulé wa. Kò sí odi, kò sí adití, kò sí wèrè, kò sí warápá, láti ayé baba ńlá wa. Ẹ lè bèèrè káàkiri.”

Mísìs Akíntúndé wo Dúrójayé. Ọ̀gá Àkúrẹ́ yíjú sí i pẹ̀lú, ó ní,

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ bí i. Kí lẹ̀yin rí?”

Ẹ̀ka ìrókò wá sọ́kàn Dúrójayé. Ó dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Erìjìyàn wo ni yóò la ẹnu kó ní irọ́ ni olórí ẹbí òun pa lójú àjèjì? Ó wo bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀rọ̀, sà.”

Ohun tí wọ́n sì fi parí rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní kí ọmọ náà tún ìwé kejì kà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí tíṣà rẹ̀ má gbojú fò ó mọ́, kó máa fi pàṣán bá a wí. Wọ́n gba iṣu, wọ́n dúpẹ́.

Ojú ọ̀nà ilé ni Ajíbádé ti tú kẹ̀kẹ́ ọ̀rọ̀. Yẹ́misí ọmọ rẹ̀ ti rí ọkọ ní Ẹ̀fọ̀n, ẹbí ọkọ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn níhà ọ̀dọ̀ wa. Kí wọ́n tó gbé iṣu ìdána wá, wọn á ti rán ènìyàn kiri pé kí ló ń ṣe wọ́n nínú ilé yẹn, irú ikú wo ló ń pa wọ́n, ta ló ń ṣubú lulẹ̀, ta ni kò gbọ́rọ̀.

Ajíbádé ní, “Jẹ́ kí wọ́n gbé ìyàwó lọ ná. Lẹ́yìn náà, lọ gun orí òkè kí o kéde ohun tó bá wù ọ́.”

Dúrójayé ní, “Ẹ̀gbọ́n, èéyi ni. Kì í ṣe ohun ulé wa.”

“Ta ni yóò dúró gbọ́ àlàyé èéyi?”

Ajíbádé kò parọ́, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Kò sẹ́ni tó ń dúró gbọ́ àlàyé. Yẹ́misí náà kì í ṣe ọmọ burúkú, Dúrójayé ti pọ̀n ọ́n rí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Nítorí náà ó dákẹ́. Ó rò pé ọmọ òun lè dúró díẹ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n pàṣán kì í dúró de ènìyàn. Tíṣà ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Bí ọ̀sẹ̀ bá yí po, Ayọ̀bọ́lá á dé pẹ̀lú lapa pàṣán lẹ́yìn, Dúrójayé á gbé e jókòó sórí àpótí, á máa fi àdí pa á. Ọmọ náà kì í sunkún sókè. Ńṣe ni yóò yí ojú rẹ̀ padà, tí yóò máa wo ẹnu bàbá rẹ̀ bóyá yóò rí ìdí tí wọ́n fi ń na òun níbẹ̀. Dúrójayé kò sì mọ ohun tó lè fi ẹnu náà wí. Ojú tì í. Ojú tì í ju bó ti tì í nígbà kankan láyé rẹ̀ lọ, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo látẹnu òun ì bá ti dá pàṣán náà dúró.

Lọ́jọ́ tí àpá kan yọ sí ọrùn ọmọ náà, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Aràmọ̀kọ.

Mísìs Akíntúndé fún un lómi, ó gbọ́ ọ jálẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ìbínú sọ̀rọ̀. “Mo ní kí ẹ mú ẹni tí yóò jókòó tì yín wá, bàbá. N kò ní kí ẹ mú ẹni tí yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín.”

Dúrójayé ní, “Èmi ò mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀, mà.”

Ìbínú obìnrin náà rọlẹ̀. Ó ní ìpàdé kan ṣì kù ní Aràmọ̀kọ kí sáà náà tó parí, pé òun lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tún gbọ́ ẹjọ́ ọmọ náà. Ilé-ìwé kan wà lọ́nà Ìjerò tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ kọ́ àwọn tí kò gbọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n àyè ibẹ̀ kò pọ̀, àwọn ọ̀gá náà kò sì ní fún ọmọ tí ẹbí rẹ̀ ti ní kò sí ohun tó ṣe é, àfi bí bàbá rẹ̀ bá fi ẹnu ara rẹ̀ wí i.

Dúrójayé ní, “Ṣé ẹ̀yin ò lè bá mi jókòó ni, mà?”

“Òdìkejì tábìlì ni wọ́n ní kí n máa jókòó sí. Bí mo bá bọ́ sọ́dọ̀ yín, wọn ò ní gba ọ̀rọ̀ mi mọ́. Ẹ wá ẹnìkan, bàbá. Ẹnikẹ́ni.”

Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, a máa ń wí i. Dúrójayé wá ẹni tí wọn yóò jọ rìn. Ó kọ́kọ́ lọ bá Jacob ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí oko kòkó wọn pa ààlà. Jacob fetí sílẹ̀, ó sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyàwó rẹ̀ ni alárenà ìgbéyàwó Yẹ́misí. Jacob ní ọjọ́ náà gan-an ni òun fẹ́ fọ́ kòkó. Dúrójayé lọ bá kátíkíìsì ìjọ wọn. Èyí ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, òun kò lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òun yóò máa fi wọ́n sínú àdúrà. Ó lọ bá àwọn àna rẹ̀, ẹbí Mary, ní Odò-Ọwá. Wọ́n se oúnjẹ fún un, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa òjò, nígbà tó sì dé orí ohun tó bá wá, ìyá ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún, àwọn ọkùnrin ilé sì ní kó jọ̀wọ́ má da omi sí ojú egbò.

Níkẹyìn ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ajíbádé kò pariwo.

Ó ní, “Bí o bá lọ, ìwọ nìkan lo lọ. Bí o bá sì dé, ìwọ nìkan lo dé.”

Báyìí ni Dúrójayé ṣe mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí Aràmọ̀kọ. Lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà, àwọn òbí mìíràn jókòó ní méjì-méjì, ọkọ àti aya, ìyá àti àbúrò. Ó rí i bí obìnrin kan ti ń tún kọ́là ọkọ rẹ̀ ṣe. Ó wo kọ́là tirẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe.

Nínú ọ́fíìsì, àga méjì ni wọ́n tò síwájú tábìlì. Ó jókòó sórí ọ̀kan, ìkejì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ayọ̀bọ́lá ti lọ dúró ní ojú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń wo ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu lóde.

Ọ̀gá Àkúrẹ́ mọ̀ ọ́n. “Bàbá, nígbà tó kọjá, ẹbí yín ní kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ yìí. Èwo ni ká gbà?”

Dúrójayé wo Mísìs Akíntúndé. Obìnrin náà ń wo ilẹ̀. Ó rò pé bí òun bá ní kí òun máa ṣàlàyé ẹ̀ka ìrókò, wọn yóò ní irọ́ ni. Ó dìde.

Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n pè é, sà.”

Ó sì pè é. Kò tíì pe orúkọ ọmọ náà láti ọjọ́ oko, nítorí kí ló fẹ́ pè é fún? Ó pe Ayọ̀bọ́lá, ó pe Àbẹ̀kẹ́ oríkì rẹ̀, ó pe orúkọ tí Mary fún un, ó fi gbogbo agbára tó fi ń lọgun lóko pè é. Nọ́ọ̀sì fò sókè lórí àga. Ọ̀gá ilé-ìwé di etí. Àwọn tó jókòó síta sáré yọjú, ará ọjà tó ń kọjá lójú títì dúró, ewúrẹ́ náà fi èèpo sílẹ̀ ó sá lọ. Ayọ̀bọ́lá nìkan ni kò yíjú. Ó rí i pé ewúrẹ́ ti lọ, ó fi imú lé gíláàsì láti mọ ibi tó gbà.

Nígbà tí Dúrójayé jókòó, omi ti gba ojú rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi kò gbọ́rọ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.”

Wọ́n fún ọmọ náà ní àyè ní ilé-ìwé ọ̀nà Ìjerò. Ìgbà tí wọ́n fún un tán ni nọ́ọ̀sì tó sọ fún Dúrójayé pé ibẹ̀ ni ọmọ náà yóò máa gbé, ọlidé nìkan ni yóò máa wá sílé. Kò sẹ́ni tó ti sọ ìyẹn fún un tẹ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé àga òfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé, sà.”

Ó mú ọmọ náà lọ, ó sì dá nìkan wálé. Iṣu tó bá sè nírọ̀lẹ́, ó máa ń ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, torí kò tíì mọ bí wọ́n ti ń se ti ènìyàn kan.

Ọ̀rọ̀ tó pariwo ní Aràmọ̀kọ kò lè ṣàì dé Erìjìyàn. Ajíbádé kò bá a jà. Kò kàn bá a sọ̀rọ̀ mọ́ ni, ará ilé sì ń wo ojú baálé. Lọ́jọ́ ìdána, kò sẹ́ni tó pè é. Ó jókòó sínú yàrá rẹ̀, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ó sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀: bí àwọn ará Ẹ̀fọ̀n ti ń gbé iṣu kalẹ̀, bí Ajíbádé ti ń dárúkọ àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan kí àna lè mọ̀ wọ́n, láti orí àgbà dé orí ẹni tó kéré jù. Ó dé ibi tó yẹ kí orúkọ tirẹ̀ wà, ó fò ó.

Àgbà kan láti Ẹ̀fọ̀n ní, “Ta ló ni yàrá tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí yẹn?”

Ajíbádé ní, “Ayálégbé ni.”

Ayálégbé, nínú ilé tí bàbá àwọn méjèèjì kọ́, tí Dúrójayé fi ọwọ́ ara rẹ̀ po amọ̀ rẹ̀ lọ́mọdé. Ó lè jáde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìdána á tú ká. Ó gbọ́ tí Yẹ́misí ń rẹ́rìn-ín láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín ọmọ tí ayé ń ṣe é lóore. Ó dìde, ó rọra ti ilẹ̀kùn náà. Ó dùn ún wọnú eegun, ó sì sunkún bí obìnrin ti ń sunkún, láì bo ojú.

Nígbà tí Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀, ó lọ mú ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ kún àgbàlá ilé-ìwé náà, ọwọ́ wọn ń lọ sókè sódò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jà, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sí ariwo ọ̀rọ̀ kankan. Ayọ̀bọ́lá wà láàárín wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ń yára ju tàwọn tó kù lọ. Dúrójayé kò tíì rí i kó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó dúró lẹ́nu géètì, inú rẹ̀ dùn, ó sì rí i pé nínú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, òun nìkan ni kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.

Ọmọ náà rí i, ó sáré dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó fà sẹ́yìn, ó dúró tọwọ̀-tọwọ̀ bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ pàtàkì, ó fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan. Dúrójayé wò ó. Ọmọ náà tún un ṣe, ó rọra ṣe é, ó gbójú sókè, ó ń dúró de èsì. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta.

Mísìs Akíntúndé, tó wá bẹ ilé-ìwé náà wò lọ́jọ́ náà, ti dúró tì wọ́n. Dúrójayé bi í pé, “Kí ló wí, mà?”

Obìnrin náà kọ́kọ́ wo ojú ọmọ náà.

Ó ní, “Ó ń bi yín pé níbo ni ìyá òun lọ.”

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Mary kúrò nílé, kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọ náà. Báwo ni wọn yóò ti sọ ọ́? Ọmọ ọdún márùn-ún jí, ìyá kò sí mọ́, ilé kún fún ènìyàn tí ẹnu wọn ń lọ sókè sódò, ilé sì tún ṣófo. Gbogbo ọdún tó fi ń wo ẹnu bàbá rẹ̀, ìbéèrè yìí ló wà níbẹ̀.

Mísìs Akíntúndé fi ọwọ́ kan apá rẹ̀. “Ẹ sọ ọ́ fún mi, bàbá. Màá bá yín sọ ọ́ fún un.”

“Rárá, mà,” ni Dúrójayé wí. Ó bọ́ fìlà, ó kúnlẹ̀ lórí yanrìn kí ojú rẹ̀ lè bá ti ọmọ náà dọ́gba, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí oje kòkó ti sọ di dúdú síwájú. “Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wí i.”